Àjẹ̀ Tí Issifou Fi Ń Gbọ́ Ẹja

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Issifou, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń kí ọba. Ó ti ibi pẹlẹbẹ àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ bọ inú omi, ó sì gbé etí lé orí igi náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Ìkùukùu bo odò débi pé a kò rí òdìkejì. Èmi àti àwọn méjì míràn tí a jọ ti ìlú Savalou wá dúró létí omi, a gbé ọ̀pá ìwọ̀ dání, a ń sọ̀rọ̀, a ń rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tí kò tíì mọ bí iṣẹ́ kan ti rí. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kan sókè láìwo ojú wa.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn."

A dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó fi apá ẹ̀wù nu etí rẹ̀, ó wá kí wa bó ti yẹ: ó béèrè bí a ti sùn, ó béèrè àwọn ará ilé, ó béèrè bí ọ̀nà ti rí. Ó ní kí a wọlé sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi tí n kò mú ìwọ̀ rí gbé ẹja wálé, àwọn aládùúgbò sì rò pé ọjà ni mo ti rà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ Issifou àti Mouniratou aya rẹ̀. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ ni mo fi ojú ara mi rí. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ èyí tó kù, wọ́n sì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Tchetti ni wọ́n bí Issifou sí. Iṣẹ́ oko iṣu ló gbé e wá sí Bantè, ìlú tó wà lẹ́bàá odò yìí, nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì mọ ohunkóhun nípa odò. Ó máa ń sọ pé ní ilé àwọn, omi tó bá ti kọjá èyí tí ènìyàn lè mu, ìyọnu ni. Mouniratou ló sọ ọ́ di apẹja. Ó ń ta ẹja yíyan lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ti ń já iṣu sílẹ̀, Issifou sì ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, títí àwọn tí wọ́n jọ ń ru iṣu fi ń bi í léèrè bóyá ó ti di ológbò. Nígbà tó lọ rí bàbá ọmọ, Àkànní apẹja wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Issifou lọ kọ́ bí wọ́n ti ń wẹ̀. Ó mu omi odò yó kó tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ìyàwó.

Àkànní náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fi àjẹ̀ gbọ́ ẹja. Ẹja kan wà nínú odò náà tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́gùn-ún, nítorí ẹ̀gún gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ní ìhà rẹ̀ méjèèjì. Bí ènìyàn bá gbé e jáde, ó máa ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Lábẹ́ omi náà ó ń dún, pàápàá ní ìdájí, nígbà tí wọ́n bá kóra jọ láti jẹun. Etí lásán kò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti àjẹ̀ bọ omi, tó sì gbé etí lé e, ohùn wọn á gba inú igi gòkè wá. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára á mọ ibi tí wọ́n wà, á mọ̀ bóyá wọ́n pọ̀, á sì mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Àkànní kú, àjẹ̀ yìí ni Issifou jogún. Igi líle ni, orí rẹ̀ sì ti dán níbi tí etí ti ń kàn án láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọ̀n ló ń dẹ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹja odò wá ń dín kù, tí àwọ̀n sì ń gbé ewé wá ju ẹja lọ, Yasser bá a sọ̀rọ̀. Yasser jẹ́ ọmọ oníṣòwò kan tó ti Ìlọrin wá. Ó ń ta epo bẹntiróòlù ní Savalou, ó sì kọ́ ilé àlejò kékeré kan sẹ́yìn ilé epo náà. Àwọn àlejò rẹ̀ a máa béèrè ohun tí wọ́n lè fi òwúrọ̀ ṣe. Ó ní kí Issifou máa kó wọn lọ pẹja pẹ̀lú ìwọ̀ ní ìdájí, ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Issifou rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kò yé e bí ènìyàn ṣe lè fi owó rẹ̀ ra ìyà tí òun ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá. Ó wá mọ bí yóò ti ṣe ètò wọn. Ẹni tí kò mú ìwọ̀ rí, ó máa ń mú un lọ sí abẹ́ igi tó ṣubú sínú omi, níbi tí ẹja ẹpìyà ti ń gbé, tí ìwọ̀ kò sì nílò láti jìnnà. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ó ń kọ́ ọ ní sùúrù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló ń mú lọ sí ibi jíjìn, níbi tí ẹlẹ́gùn-ún wà. Gbogbo wọn ló ń bá yọ ìwọ̀ lára igi, lára ẹ̀wù, lára ara wọn. Ó ń tú okùn tó lọ́ pọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ tó ti gbọ́ lẹ́nu àlejò mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí oòrùn tó yọ, ẹ̀yìn ti ń dùn ún, orúnkún ti wú, ọwọ́ ti bó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bó bá délé, á jókòó sórí ẹní láìbọ́ bàtà, á máa wo ògiri.

Moutiatou, ọmọ wọn obìnrin tó ń ránṣọ ní Savalou, ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó sí ìsọ̀ òun.

"Kí n máa ṣe kí ni ńbẹ̀?" Issifou béèrè.

"Ẹ ó kàn máa bá mi wo ìsọ̀ ni, Bàbá."

"Wíwo kí ni? Bọ́tìnnì?"

Nínú ọkàn rẹ̀, ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá jókòó ti bọ́tìnnì, òun kò tún ní dìde mọ́.

Ní àkókò òjò kan ni ọ̀rọ̀ etí bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé etí ni. Ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò gbọ́ ìpè ìrun àsùbáà mọ́. Mouniratou ló ń fi ọwọ́ jí i. Ó rò pé ẹ̀rọ mọ́sálásí ti bàjẹ́, ó sì lọ bá ládàánì láti fi tó o létí.

"Ẹ̀rọ wa kò ṣe nǹkan kan, Bàbá," ládàánì dá a lóhùn. "Àní àwọn kan ti wá sọ pé kí n dín in kù."

"Nígbà náà ẹ má dín in kù," Issifou ní, ó sì padà sílé.

Ohun kejì dùn mọ́ ọn nínú. Bó bá gbé etí lé àjẹ̀, ó ń gbọ́ ẹja ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Níbikíbi tó bá ti àjẹ̀ bọ̀, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń dún láìsinmi. Ó sọ fún Mouniratou pé odò ti padà bọ̀ sípò, pé láti ayé Àkànní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ń kó àwọn àlejò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Wọ́n á ju ìwọ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á sì padà lọ́wọ́ òfo. Issifou fi ẹ̀sùn kan òṣùpá. Ó fi ẹ̀sùn kan ekòló tó ń fi ṣe ìdẹ. Nígbà tó yá, ó ní ìpara olóòórùn tí àwọn ará ìlú ńlá ń fi para ló ń lé ẹja, ó sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má para kí wọ́n tó wá. Àwọn àlejò kò para mọ́. Ẹja kò wá.

Yasser gun alùpùpù rẹ̀ wá sí Bantè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n gbé àpótí fún un, wọ́n fún un lómi. Ó kí gbogbo ilé tán kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn àlejò tí mò ń rán sí yín, inú wọn kì í dùn bí wọ́n bá dé. Ọ̀kan bi mí bóyá omi yẹn ní ẹja nínú rárá."

"Ẹja wà níbẹ̀. Ṣé ó yẹ kí n búra? Mò ń gbọ́ wọn."

"Ẹ̀yin ń gbọ́ wọn, Bàbá. Àwọn èèyàn mi fẹ́ fojú rí wọn ni."

Yasser mu omi díẹ̀.

"Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà Tchetti," ó ní, "tó gbẹ́ kòtò tó ń sin ẹja sí. Kò sí ẹni tó ń ju ìwọ̀ síbẹ̀ tí kì í mú."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹja pípa. Bí ẹni ń mú adìẹ nínú àgò ni."

"Adìẹ ni adìẹ inú àgò náà, Bàbá." Yasser fi ọwọ́ pa ojú. "Àwọn méjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọ̀kan, agbẹ̀bí ni, Rachidath lorúkọ wọn, wọn ò mú ìwọ̀ rí. Ìkejì ni Alàgbà Ganiou, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè, wọ́n sì mọ ẹja pa. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìwọ̀ bíi tiwọn. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, gbogbo ẹgbẹ́ yẹn á máa wá sọ́dọ̀ yín ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ojú ọ̀nà Tchetti ni mo máa darí gbogbo àlejò mi sí. Mi ò lè máa parọ́ fún wọn mọ́."

"O ò parọ́," Issifou ní. "Jẹ́ kí wọ́n wá."

Ní Sátidé, wọ́n dé nígbà tí ìrun àsùbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ganiou ga, ó dé fìlà etí gbọọrọ, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta nínú àpò awọ. Rachidath sanra, ara rẹ̀ yá, ó gbé ìgò kọfí àti búrẹ́dì wá bí ẹni tó ń lọ sóde ìsinmi. Issifou bá wọn wọ ẹ̀wù tí í múni léfòó, ó sì jókòó síwájú. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé etí lé àjẹ̀.

"Alàgbà," Ganiou pè é lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, "àwọn ẹja yín ti jí?"

Issifou kò gbọ́. Ganiou tún pè é.

"Wọ́n ti jí," Issifou dáhùn, ojú rẹ̀ ń dán. "Wọ́n pọ̀ níbí bí èrò ọjà."

Wọ́n ju ìwọ̀ síbẹ̀. Wọ́n dúró títí ìkùukùu fi ń ká kúrò lójú omi. Wọ́n lọ sí ibòmíràn. Issifou gbọ́ wọn níbẹ̀ náà. Wọ́n tún lọ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo lórí àjẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké.

"Alàgbà, ẹ ní bí èrò ọjà," Ganiou ní. "Ọjà wo? Èyí tó ti tú ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Ọ̀gá. Wọ́n wà lábẹ́ wa gan-an."

"Bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀ ni."

Lójijì ni Rachidath kígbe. "Mo ti mú un! Ó ń fà mí! Ó tóbi!"

"Gèlè yín ni, Màdáàmù," Issifou sọ jẹ́jẹ́. Ìwọ̀ náà ti kọ́ ọ lẹ́yìn orí. Ó lọ yọ ọ́ fún un. Rachidath rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ganiou kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ń ká okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yọ, wọ́n gúnlẹ̀ síbi iyanrìn kan kí wọ́n lè jẹ búrẹ́dì. Issifou kò jẹun. Ó gbé àjẹ̀ kúrò lẹ́bàá omi, ó lọ jókòó sábẹ́ igi lókè, ó ti àjẹ̀ náà bọ iyanrìn gbígbẹ, ó sì fi orí tì í. Ó dijú. Ẹja ń kọrin.

Ó ń gbọ́ wọn bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lójú oorun. Lẹ́yìn náà ó la ojú. Omi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jìnnà. Iyanrìn tí àjẹ̀ dúró sí funfun, ó sì gbẹ. Ó gbé orí kúrò lára igi náà. Wọ́n ń kọrin síbẹ̀. Ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n túbọ̀ kọrin sókè.

Ó jókòó báyẹn títí Rachidath fi wá fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá, mo ti ń pè yín. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Màdáàmù. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Òótọ́ ni pé ó rẹ̀ ẹ́. Kò tún dọ̀bálẹ̀ mọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó kó wọn lọ sábẹ́ igi tó ṣubú, níbi tó ń mú àwọn aláìmọ̀kan lọ, Rachidath sì mú ẹpìyà kan tí kò tóbi ju ìka rẹ̀ lọ. Ganiou wò ó, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí wa." Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n padà sí èbúté.

Nígbà tó délé, Mouniratou wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja tó rà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn padà lórí iná. Èéfín bo ojú rẹ̀. Ó kí i káàbọ̀. Ó tún kí i. Ìgbà kẹta, ó dìde wá dúró síwájú rẹ̀.

"Bàbá Moutiatou, mo ní ẹ káàbọ̀."

"Kì í ṣe ẹja," Issifou ní.

"Kí ni kì í ṣe ẹja?"

"Ohun tí mò ń gbọ́. Láti ìgbà òjò. Etí mi ló ń dún. Mo ti àjẹ̀ bọ iyanrìn lónìí, mo gbọ́ ẹja nínú iyanrìn."

Mouniratou wò ó. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá odó jókòó lé. Issifou kò bínú. Ó ti mọ̀ pé yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú, kò sì gbé aṣọ náà kúrò bọ̀rọ̀.

"Gbogbo ìgbà tí mò ń pè yín nínú ilé tí ẹ kì í dáhùn," ó ní, "mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló ti sú yín."

"Kò sú mi. N kò gbọ́ ọ ni."

Nígbà tó pẹ́, Issifou ní òun yóò ránṣẹ́ sí Yasser pé kó má kó àlejò wá mọ́, òun yóò sì lọ bá Moutiatou ní ìsọ̀. Mouniratou padà sídìí ààrò, ó yí ẹja kan, ó yí òmíràn.

"Ti bàbá mi ni àjẹ̀ yẹn," ó wá sọ sókè, kí ó lè gbọ́. "Ta ni ẹ rò pé ó ń gbọ́ ẹja fún wọn nígbà tí wọ́n darúgbó?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Etí tiwọn náà ti lọ. Ẹ̀yin ń fi ọkọ̀ tiyín dẹ àwọ̀n nígbà náà, ẹ ò mọ̀. Gbogbo ayé rò pé agbọ̀n ni mò ń bá wọn gbé. Èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀, bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá sì ti yọ, bàbá mi á gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn náà á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Issifou wo aya rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "O kò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí." Ó tún yí ẹja. "Ẹ má rò pé mo fẹ́ lọ o. Èéfín ti jẹ ojú mi, orúnkún mi kò dára ju tiyín lọ, ó sì ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ jókòó ti bọ́tìnnì, èmi ló máa wá máa gbọ́ bí ẹ ti ń mí kanlẹ̀. N óò bá yín lọ lọ́la. Ohun kan ni mo fẹ́: ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún wọn. Mi ò ní bá ọkùnrin kejì pa àṣírí àjẹ̀ mọ́."

Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, Ganiou rí obìnrin náà létí omi, ó wò ó, ó wo Issifou.

"Ìyá náà ń bá wa lọ ni?"

Issifou ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ láti ìgbà tó ti jí. Gbogbo rẹ̀ ti lọ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin àlejò mi," ó ní, "etí mi ti bàjẹ́. Ohun tí mo gbọ́ lánàá, kì í ṣe ẹja. Ariwo inú etí mi ni, n kò sì mọ̀. Ẹ má bínú. Ìyàwó mi ni yóò gbọ́ lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí Savalou, n kò ní dá yín lẹ́bi."

Ganiou ṣí fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ họ orí.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé inú orí yín la ti ń pẹja lánàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ó dáa. Abájọ tí n kò fi mú nǹkan kan. N kò mú irú ìdẹ yẹn wá."

Rachidath ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Mouniratou sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ganiou ti ń wọ ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀.

Mouniratou jókòó síwájú, Issifou wà lẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ síwájú. Lójú ibi tí ó ti sọ lánàá pé ẹja pọ̀ bí èrò ọjà, obìnrin náà rọra dọ̀bálẹ̀, ó ń kùn sí orúnkún rẹ̀, ó gbé etí lé àjẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́, ó mì í: kò sí. Wọ́n lọ síwájú. Kò sí. Ibi kẹta, kò sí. Oòrùn ti fẹ́ yọ. Issifou kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ẹ̀yìn aya rẹ̀, bí ó ti ń dìde tó sì tún ń dọ̀bálẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Lábẹ́ àpáta kan tí òun kò dúró sí láti ọjọ́ pípẹ́, Mouniratou kò gbé ọwọ́.

"Níbí," ó ní. "Wọn ò pọ̀."

Lóòótọ́, wọn kò pọ̀. Ganiou mú méjì, ó sì jẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Nígbà tí Rachidath mú tirẹ̀, Issifou ló bá a dì í mú kí ẹ̀gún má baà gún un. Ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí dún. Agbẹ̀bí náà fò sẹ́yìn, ọkọ̀ sì mì.

"Ó ń ké! Ẹ gbọ́ o, ó ń ké bí ọmọ tuntun!"

"Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ganiou béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Issifou di ẹja náà mú lọ́wọ́. Ó rí i tí ẹ̀gún rẹ̀ ń mì, ó ń gbọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ etí. Kò lè mọ èyí tó jẹ́ ohùn ẹja àti èyí tó jẹ́ ariwo etí rẹ̀. Ó fi í sínú agbọ̀n.

Ganiou padà sí Savalou, Yasser sì bi í bó ti rí. Ó ní, "Ẹja kò pọ̀. A ó padà wá. Ẹ sọ fún Ìyá yẹn pé kí wọ́n wà níbẹ̀."

Rachidath padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó mú Issifou lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Wọ́n fọ etí rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọjọ́ orí ni, pé ariwo náà lè má lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yà lọ́dọ̀ Moutiatou, ó jókòó díẹ̀ nínú ìsọ̀ náà láàárín àwọn aṣọ, ó sì gun sémìjáàn, alùpùpù tí ń gbé èrò, padà sí Bantè kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀ tí Mouniratou gbà láti máa lọ, kò sì gbà láti máa lọ nígbà òjò. Yasser ń kó àwọn àlejò tó kù lọ sí ojú ọ̀nà Tchetti, wọ́n ń mú ẹja níbẹ̀, inú wọn sì ń dùn. Issifou kì í sọ̀rọ̀ àgò adìẹ mọ́.

Ilé wọn ṣì wà lẹ́yìn ọjà Bantè. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn méjèèjì máa ń wà létí odò kí ilẹ̀ tó mọ́. Mouniratou ló ń jókòó síwájú pẹ̀lú àjẹ̀, Issifou ló ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn.